Ẹja Pẹlẹbẹ inú Ìgò

Ẹja kan wà létí òkun tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ewé, ojú rẹ̀ méjèèjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin: ojú kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bíi gbogbo ẹja. Bó ti ń dàgbà ni ojú kan á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, á gba orí kọjá lọ bá èkejì. Ẹja náà á wá fi ẹ̀gbẹ́ tí kò lójú mọ́ lélẹ̀.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti fọwọ́ kan ọ̀kan gbẹ̀yìn. Ní Èkó, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko, a máa ń kó àwọ̀n wọ inú omi tí kò mù wá dé orúnkún. Tó o bá ń wá a, o ò ní rí i. Òkè ara rẹ̀ dà bíi yanrìn. Bí yanrìn bá dúdú, òun náà á dúdú sí i. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Á gbọn lẹbẹ, á da yanrìn bo ara rẹ̀, ojú nìkan ló máa ń yọ síta tó fi ń ṣọ́ edé wẹẹrẹ àti ekòló òkun. Iyọ̀ á gbẹ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mi ò sì ní fẹ́ wẹ̀ ẹ́ kúrò.

Olùkọ́ mi fi ọ̀kan sínú ìgò fún mi, pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà. "Ya òkè rẹ̀, ya ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí àwòrán rẹ bá dára, iṣẹ́ ń dúró dè ọ́ lọ́dọ̀ wa létí òkun." Mo gbé e wá sí Kàbà, sílé ọkọ mi, torí pé mo lóyún, ibẹ̀ ni wọ́n ní kí n bímọ sí.

Ẹja odò Lọ́kọ́ja ni wọ́n mọ̀ nílé wa, àti òkú Èkó, ẹja inú yìnyín. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ta ló tẹ ẹja yìí mọ́lẹ̀?"

"Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, Ìyé."

"Ọlọ́run wo? Aboyún kì í wo irú nǹkan báyìí! Ṣé ọmọ tí ojú ẹ̀ máa wà létí lo fẹ́ bí fún wa ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ilé ìwòsàn dé, mo bá epo pupa nínú ìgò náà. Ọkọ mi ń jẹun.

"Ẹja mi ńkọ́?"

"A ti sin ín sẹ́yìn ilé. Ẹja lásán! Má pariwo."

Òun ló gbẹ́ ilẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Mo da epo náà nù kí oògùn tó ṣẹ́ kù nínú ìgò má baà pa wá, epo tí mo dà nù yìí ni wọ́n sì fi ń bú mi fún odidi oṣù kan. Òkè ẹja nìkan ni mo ti yà. Mo fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn ti gba ẹlòmíràn.

Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nígbà ìsìnkú ọkọ mi, ẹnì kan dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọkọ mi jẹ́ ọkùnrin tó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ lo ìwé tí ìyàwó kà. Mo jókòó, mi ò fọhùn. Mo ń sọ ọ́ báyìí.

Ojú ọmọ tí mo bí gún régé. Èkó ló ń gbé. Ó pè mí lánàá.

"Mọ́mì, ẹ wá, màá gbé yín lọ sétí òkun."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi rìn dé Èkó ni? Mọ́tò mi ńkọ́?"

Kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá tún wọ inú omi yẹn, mi ò ní lè fojú ire wo ilé yìí mọ́, inú rẹ̀ sì ni mo ti lo gbogbo ayé mi. Ó ní Sátidé lòun ń bọ̀ wá mú mi. Mo ti di aṣọ sínú báàgì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti tú u lẹ́ẹ̀mejì.