Kílò Mẹ́tàlélógún Tíṣà Oyèbọ̀dé

Gbogbo Òkè-Ṣópẹ́n ló mọ ọjọ́ tí olóògbé Tíṣà Titus Oyèbọ̀dé fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ibẹ̀ pa láàárọ̀, lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀, Zipporah, se ìkọ́kọrẹ́ tán. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ fún Màmá Lará, aládùúgbò wọn, ọmọ ìjọ Aládùúrà tó lè gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìfomi kan ẹnu. "Bí mo bá tiẹ̀ ń sunkún, má fún mi," ló wí. Nígbà tí aago kan ọ̀sán fi máa lù, ó ti dé.

"Mo wá gba kọ́kọ́rọ́."

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní kí n má fún yín."

"Ẹni tó bá ẹ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ti yó. Ẹni tí ebi ń pa yìí ò bá ẹ sọ nǹkan kan."

Ó ní kó jẹ́ kí òun kàn gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Lará rò ó pé òórùn kì í múni sanra, ló bá lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Tíṣà fa imú. "Iyọ̀ ò tó nínú ìkọ́kọrẹ́ yìí."

Zipporah, tó ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé, gbọ́. "Iyọ̀ tó o!"

"Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò, ká lè mọ ẹni tó jàre."

Ibi tí àwọn obìnrin méjèèjì ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ tí ṣíbí ń ha ìdí ìkòkò. Tíṣà nu ẹnu. "Zipporah, má bínú," ló wí. "Iyọ̀ tó."

Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín kì í sábà sọ ìdí tó fi ti ilé ìdáná pa. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ọmọ́wùnmí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ìwé kan l'Ágọ́-Ìwòyè, ni kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n yẹ ìyá rẹ̀ wò bóyá ó lè fún un ní kíndìnrín kan, tirẹ̀ ò bá a mu. Ti bàbá rẹ̀ bá a mu rẹ́gí. Àmọ́ nígbà tí Tíṣà gun òṣùwọ̀n, kílò méjìdínlọ́gọ́fà ni. Dókítà ní àwọn ò lè la ẹni tó sanra tó bẹ́ẹ̀, pé ó lè kú sórí tábìlì, àfi tó bá fọn dé márùndínlọ́gọ́rùn-ún.

"Dókítà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ àádọ́fà."

"Bàbá, ẹran kọ́ là ń ná."

Lọ́sẹ̀ ìkọ́kọrẹ́ yẹn, kílò kan àbọ̀ ló fi kún un. Nọ́ọ̀sì ka iye náà síta níṣojú Ọmọ́wùnmí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, tí ojú rẹ̀ ti dúdú. Ọmọ náà ò bá bàbá rẹ̀ wí. Ó kàn kọjú sí ògiri. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, Tíṣà sọ fún Zipporah pé ì bá sàn kí ọmọ náà gbá òun létí.

Látọjọ́ náà, ó di ẹ̀fọ́, ẹ̀wà díẹ̀ àti omi. Láràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn dé Atíkòrí, tí á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Lọ́jọ́ kan ó dúró ní òdìkejì títì, ó nàka sí Gbémi tó ń dín ọ̀jọ̀jọ̀. "Dákẹ́!"

"Tíṣà, mi ò sọ̀rọ̀ o."

"Ìwọ kọ́. Ọ̀jọ̀jọ̀ ẹ ni mò ń bá wí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, Zipporah bá a tó ń sunkún nídìí abọ́ ẹ̀fọ́. Ó ní ata ni. Zipporah ò fi ata sí i.

Ọmọ́wùnmí máa ń pè é lórí fóònù. "Bàbá, kíndìnrín tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi yìí, ṣé kò ní máa pariwo ìkọ́kọrẹ́ nínú kíláàsì?"

"Tó bá pariwo, tètè fún un."

Oṣù mẹ́jọ ló gbà á. Lọ́jọ́ tí òṣùwọ̀n dúró sí márùndínlọ́gọ́rùn-ún, Tíṣà jó lórí rẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó má bà á jẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ibà gbé Ọmọ́wùnmí dè. Kòkòrò ti gba ojú ibi tí wọ́n ń ki rọ́bà ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ bọ̀ ọ́ lára, ó wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé oúnjẹ wá. Ìkọ́kọrẹ́ nìkan tó abọ́ méje. Kò sí ẹni tó máa gbé e sórí òṣùwọ̀n mọ́, bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ò fọwọ́ kan ìkankan. Lọ́jọ́ kẹrin, Zipporah tẹ èbà, ó sì se ẹja yíyan tí àbúrò rẹ̀ mú wá láti Èfìrè. Ó gbé abọ́ kan ṣoṣo wá, ó jókòó tì í. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹnikẹ́ni ò bu òkèlè nínú abọ́ Tíṣà rí. Zipporah bù ú.

Tíṣà wò ó. "Abọ́ mi nìyẹn."

"Mo mọ̀."

Òun náà wá bu tirẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ló tún lò, kí ọkàn rẹ̀ tó dáṣẹ́ dúró lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta náà, abọ́ kan ni wọ́n jọ ń jẹ. Orí ẹja ló fẹ́ràn jù láyé, àmọ́ á yọ ọ́, á tì í sí ìhà ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. "Tètè jẹ ẹ́," ni yóò wí, "kí n tó yí ọkàn padà."

Zipporah ní òun kì í yára jẹ ẹ́, òun a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi falẹ̀, kí òun lè mọ̀ bóyá yóò gbà á padà. Kò gbà á padà rí.