Lẹ́tà Ìyálé Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ má bínú bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pe ọkọ mi àti àwọn àgbà ilé wọn ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nílé, n ò jẹ́ dán an wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n máa pe gbogbo wọn ní "wọ́n", ẹ ò ní mọ ẹni tó ṣe kí ni, orí á kàn máa fọ́ yín lásán ni. Àdíját lorúkọ tèmi. Nùrẹ́nì lorúkọ ọkọ mi. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ló ní lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù, ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń wá wo èsì ìdánwò.

Ọdún 2011 ni wọ́n so yìgì wa. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo fi rí i pé nígbàkígbà tí oníbàárà bá dínkù, ọkọ mi á tẹ orúkọ obìnrin kan sínú kọ̀ǹpútà. Ràbíátù. Á tẹ̀ ẹ́, á wojú ẹ̀ sùn-ùn, á mí kanlẹ̀. Lọ́la, Ràbíátù. Lọ́tùnla, Ràbíátù. Háà! Mo ní, "Ẹ gbọ́ ná, ta ni ń jẹ́ Ràbíátù? Ẹ tètè sọ fún mi o, ẹrù mi ò tíì tú tán, mo lè dì í padà."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. Ó ní, "Ìyálé rẹ ni. Ìyàwó bọ̀dá mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n èmi ò ní ìyá mìíràn."

Ìtìjú mú mi. Mo jókòó, ó sì sọ ọ́ fún mi bó ṣe jẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọkọ mi nígbà tí ìyá tó bí i kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tàjùdíìnì (ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ẹ̀ ò tọ́ sí mi lẹ́nu, Bọ̀dá ni n ó máa pè é látìsinsìnyí) ń ṣe bíríkìlà l'Ékòó nígbà yẹn, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Ràbíátù níyàwó. Obìnrin yẹn ló gba ọmọ náà tọ́. Ẹ sì mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ì báà jẹ́ ọmọ tí ń rá, ọkọ ẹ̀ ni, orúkọ mìíràn ni yóò fún un. Ẹ̀ẹ́dú ni Nùrẹ́nì fi ń kọ gbogbo ara ògiri kiri nígbà yẹn, nìyálé mi bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. "Akọ̀wé mi, wá jẹun." "Akọ̀wé, o ti kírun?" Kò pè é ní Nùrẹ́nì rí láyé ẹ̀.

Òun náà ló dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀. Táípúráítà ló fi bẹ̀rẹ̀ kó tó di kọ̀ǹpútà, òun ló sì kọ́ ọkọ mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò bímọ. Ọdún mọ́kàndínlógún nílé ọkọ, kò bímọ. Ní 2009, tí Nùrẹ́nì wà ní Yóbè tó ń ṣe àgùnbánirọ̀, àwọn ẹbí dìde sí ìyálé mi. Wọ́n ní kó fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí yóò bímọ. Wọ́n gba fóònù ọwọ́ ẹ̀, gbogbo nọ́ńbà ló sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ dá sílẹ̀. Nígbà tí Nùrẹ́nì dé, ìyàwó mìíràn ló bá nínú yàrá. Bọ̀dá kàn ní, "Ó ti lọ. Má bi mí léèrè ibi tó lọ."

Ìyá Tòún, aránṣọ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù, ló yọ́ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí Ràbí ní kí n sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ àwọn wà nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ìwọ nìkan lo lè rí i, torí àwọn tó kù ò mọ̀ ọ́n lò."

Ká ní orí tákàdá ló kọ ọ́ sí ni, wọn ì bá rí i, wọn ì bá ya á. Ọgbọ́n tí ìyálé mi dá nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá wọn tún un ṣe kó ìwé inú ẹ̀ yọ, ó sì fọ́n wọn sínú fódà bí irinwó, fódà kan ò mọ èkejì. Ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rún méje! Ìwé àdéhùn ilẹ̀ ń bá ìwé ìsọmọlórúkọ sùn, ìwé tí wọ́n fi ń wáṣẹ́ ń bá ìwé ìpè sí wòlímọ̀ sùn. Orúkọ tí wọ́n fi tọ́jú wọn ńkọ́? "Rasaq Tuntun". "Rasaq Tuntun Gangan". "Rasaq Èyí Ni". Ẹ ò rí i pé ayé le?

Nígbà tí Bọ̀dá kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọkọ mi lọ́wọ́, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ìgbà yẹn ló bá Atọ́nà pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Atọ́nà o, orúkọ tí àwọn òyìnbó tó ṣe é fún un kò rọ̀ mí lẹ́nu. Ohun kan ni tí ẹ ó fi sínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yọ láàárín ojú ẹ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà méjì mẹ́ta sí i, á to ohun tó bá jọ ọ́ sísàlẹ̀, níbikíbi tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi bọ́tìnnì ọlọ́fà sọ̀kalẹ̀ sórí èyí tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti ṣí. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá sì gbọ́n tó lè tú inú ẹ̀ kó tún un tò bó ṣe wù ú.

Ṣùgbọ́n òpè ni Atọ́nà nípa orúkọ wa. Ẹ tẹ Rasaq, kò mọ̀ pé Rasaki àti Razak, ẹnìkan náà ni. Ẹ tẹ Rabiatu, kò mọ Robiat, kò mọ Ràbí. Bí ẹnìkan bá fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, tí ẹlòmíràn ò sì fi í sí i, ó ti parí nìyẹn, yóò ní òun ò rí nǹkan kan. Ọkọ mi bá jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kíkà ló ń kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣe é tí àmì ò fi dí i lọ́wọ́ mọ́. Ó to orúkọ wa ní oríṣi tí wọ́n ń gbà kọ ọ́, èmi ni mo jókòó tì í tí mò ń pè é fún un, oyún Zulaihat sì wà nínú mi. Ó fi èyí tó ṣe nípa àmì ránṣẹ́ sí àwọn tó ni Atọ́nà, òyìnbó kan ní Jámánì sì kọ̀wé pé ó ṣeun. Ẹ wá wo ọkọ mi lọ́jọ́ náà! Ó ń ka ìwé ọ̀hún fún Ìyá Tòún, ìyẹn ń ṣe "òótọ́ jàre", bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tún ọ̀nà inú ẹ̀ ṣe. Ohun tí Atọ́nà ń kó jáde ti pọ̀ jù, oníbàárà ò sì ní sùúrù. Ó bá ṣe é kó máa mú mẹ́sàn-án péré wá, kí èyí tí a máa ń ṣí jù lọ wà lókè. Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ dé ìkẹsàn-án, ọlọ́fà á gbé yín padà sórí ìkínní. Ó dùn-ún lò, n ò ní parọ́. Kí oníbàárà tó pe orúkọ ara ẹ̀ tán, ìwé ẹ̀ ti dé. Wọ́n ń ti Gowon Estate wá bá wa, wọ́n ń ti Ìgándò wá.

Lẹ́tà ìyálé mi nìkan ni kò yọ. Ọkọ mi tẹ Rabiatu, ó tẹ Nureni, ó tẹ Ogbomoso. Akọ̀wé ńkọ́? Èyí gan-an ló ń tẹ̀ jù. Àmọ́ bó bá ti tẹ̀ ẹ́, àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń rọ́ wá: Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé, Akọ̀wé Àsàlátù, Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Aránṣọ. Ta ni kì í tẹ̀wé lọ́dọ̀ wa? Á ṣí wọn láti ìkínní dé ìkẹsàn-án, á kà á bóyá ìyálé mi fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sáàárín. Kò sí. Á pa á dé. Ó tó ọdún méjì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àárò ìyá yẹn ń sọ ọ́, kì í ṣe kékeré. Bí Ramadan bá dé, tí a bá fẹ́ ṣínu, á mu omi, á sì ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi tí n ò rí i rí, àárò ẹ̀ ń sọ èmi náà. Nígbà tí mo dé ilé yẹn, kò sí ìyálé tó mú mi lọ́wọ́ kó sọ fún mi pé báyìí la ṣe ń bá wọn gbé. Kí n má sì tàn yín, ẹ̀rù tún ń bà mí. Ká ní Zulaihat ò tètè dé ni, ta ló mọ̀ bóyá èmi ni wọn ì bá tún gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní 2014, ọkọ mi lọ kírun Ásárì, èmi ni mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Alàgbà tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa wọlé, ó ní òun fẹ́ ìwé kan tí àwọn kọ nípa gọ́tà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo tẹ akọ̀wé. Mẹ́sàn-án yọ, kò sí ti gọ́tà níbẹ̀. Mo fi ọlọ́fà sọ̀kalẹ̀, ó gbé mi padà sókè. Mo tún sọ̀kalẹ̀, ó tún gbé mi padà. Bàbá yìí sì ń hó mọ́ mi lórí bí ìkòkò. Inú ti ń bí mi kí ọkọ mi tó dé.

Mo ní, "Bàbá Zulaihat, ẹ wá wo Atọ́nà yín o. Kò rí ìwé Alàgbà."

Ó ní, "Ó wà ńbẹ̀. Àwọn tí a ń ṣí jù ló máa ń mú wá."

"Àwọn tó kù wá ńkọ́?"

"Àwọn tó kù, ẹnìkan kì í ṣí wọn."

Mo ní, "Ọmọ àlè wá ni wọ́n, àbí? Èyí tí ẹnìkan ò ṣí rí, ẹ ní kò gbọdọ̀ yọjú àfi tí wọ́n bá ti ń ṣí i. Ta ni yóò wá rí i ṣí?"

Ìbínú lásán ni mo fi sọ ọ́. Àmọ́ ọkọ mi dúró gbagidi, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní kí n dìde. Ó tú inú Atọ́nà, ó yọ òfin mẹ́sàn-án kúrò, ó tẹ akọ̀wé. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló yọ. Ó fi ọlọ́fà sọ̀kalẹ̀, a kọjá ìwé gọ́tà. Èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá, òun ló ń jẹ́ "Akowe Mi". Iye ìgbà tí wọ́n ti ṣí i: òdo.

Ẹ̀yin èèyàn, ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ sin ín. Gbogbo ìgbà tó ń ṣí àwọn mẹ́sàn-án yẹn tó ń wá ìyá ẹ̀ nínú wọn, ṣe ló ń gbé wọn ga sí i.

Alàgbà ní, "Ìwé gọ́tà mi ńkọ́?" Ọkọ mi ti tẹ lẹ́tà náà ṣí.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà nìyí: "Akọ̀wé mi, wọ́n ti lé mi. Má bá bọ̀dá rẹ jà, ẹ̀jẹ̀ rẹ ni. Mo wà ní Bárúwà, nílé Ìyá Táyéwò, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. N ò ní wá sí Ẹ̀gbẹ́dá mọ́, n ò sì ní ránṣẹ́ sí ọ, kí wọ́n má bàa ní mo ń fà ọ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà tí o bá ka èyí, tí ọkàn rẹ bá fẹ́ mi, wá. Tí o bá kà á tí o ò wá, ó ti yé mi, n ò ní bínú sí ọ. Máa jẹun dáadáa."

Bárúwà! A tiẹ̀ ti lọ síbẹ̀ lọ kí ẹni tó bímọ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a gbé Zulaihat, a wọ kẹ̀kẹ́, kò gbà wá ní wákàtí kan. Ìyá Táyéwò ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, ó ní Ràbíátù lòun ń bèèrè. Ìyá náà gbé ìrẹsì tó ń ṣà sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni Akọ̀wé?"

Ó ní ìyálé mi gbé ọ̀dọ̀ àwọn fún ọdún mẹ́rin. Ó ní nínú gbogbo Ramadan, abọ́ méjì ló ń bu oúnjẹ ìṣínu sí, á ní ọmọ òun lè yà. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Iléyá, ó di ẹrù rẹ̀. Ìyá Táyéwò bi í pé bí ọmọ náà bá dé ńkọ́? Ó ní, "Akọ̀wé mi ti ka lẹ́tà mi tipẹ́. Ó ti dá mi lóhùn."

Ọkọ mi ò dìde nílẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ ìyá arúgbó yìí mú bí ọmọdé, ó ń sọ pé, "N ò kà á, mà. Ẹ gbà mí gbọ́, mà, n ò kà á." Zulaihat bú sẹ́kún, èmi náà bá wọn sun ún.

A ti wá a dé Ògbómọ̀ṣọ́. A ti bèèrè ní Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà. Ìdí tí mo fi ń ro ẹjọ́ gígùn yìí fún yín nìyẹn. Bí ẹ bá pàdé ìyá kan tó ń jẹ́ Ràbíátù, tí kò bímọ, tó gbé Bárúwà rí, n ò ní kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó padà, ìyẹn dọwọ́ ẹ̀. Ẹ ṣá bá wa sọ fún un pé ọmọ ẹ̀ ò tíì dá a lóhùn o. Kò ka lẹ́tà náà ni.