Bámgbóṣé Afimú-mọ-Èèrà

Ní Ìyámoyè, bí èèrà bá gé ẹlòmíràn jẹ, á pariwo, á sì gbọn aṣọ. Bámgbóṣé kì í pariwo. Á fi ìka méjì mú èyí tó gé e jẹ, á fún un díẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á wá sọ irú ilé tó ti wá fún ọ. Ìkamùdù ń rùn bí òkú eku. Èèrà pupa tó ń lẹ ewé pọ̀ ṣe ilé lórí igi ń kan nímú bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ti ìjàlọ kò la ti imú lọ rárá, nítorí bó bá ti gba ẹran ara rẹ mú, ìwọ fúnra rẹ lo máa fi igbe pe orúkọ rẹ̀.

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní àgbàlagbà tó ń da ojú bolẹ̀ nídìí ilé èèrà kò níṣẹ́ ṣe. Àfi lọ́dún 1955 tí àwọn Àgíríìkì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oko, dé. Kòkó ń gbẹ lórí ìdúró, ìjọba sì fẹ́ mọ irú èèrà tó ń gbé orí igi kọ̀ọ̀kan, torí pé àwọn kan ń tọ́jú kòkòrò tó ń fa omi igi mu, àwọn kan sì ń pa á jẹ. Ọ̀gá tí wọ́n rán wá ni Thomas, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Mopa kan tí eruku kì í gbójú-gbóyà bà lé bàtà rẹ̀. Ó gba àgbẹ̀ méjì síṣẹ́, Bámgbóṣé àti Ọlọ́runlékè aládùúgbò rẹ̀. Igi kan, ìgò kan. Ẹni tó bá da oríṣi èèrà méjì pọ̀ sínú ìgò kan, kó máa lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ ṣe di òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn ẹlẹ́yà gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kí i lójú ọ̀nà.

Lọ́dún kejì ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó rò pé ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, kùrukùru náà kò lọ. Martha ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, láti àárọ̀ ọjọ́ tó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń kí ewúrẹ́ wọn ní “Okun o” lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé èèyàn ni.

“Bàbá Délé, ẹ sọ fún ọ̀gá yín,” ni Martha ń wí.

“Kí n wá jókòó sílé, kí wọ́n tún máa fi mí ṣẹ̀sín?”

Ẹ̀rù ń bà á, ká má parọ́. Ó wá gbé gbogbo iṣẹ́ lé imú. Kò sí èèrà tó wọ ìgò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

Ìgbà tó yá, Thomas bá èèrà tí orí rẹ̀ tóbi àti èyí tí orí rẹ̀ kéré, olórí ńlá àti olórí kékeré, nínú ìgò Ọlọ́runlékè. Ọlọ́runlékè jiyàn títí ó fi làágùn, ó ní orí igi kan náà, nínú ihò kan náà, lòun ti kó wọn. Thomas ní òfin lòfin. Ọkùnrin náà gbé àdá rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn rẹ̀, Thomas gbé ìgò Bámgbóṣé sókè.

“Bàbá, olórí ńlá mẹ́ta, olórí kékeré bí ogún. Ẹ̀yin náà?”

Bámgbóṣé na ojú sí ìgò náà. Kò rí ńlá, kò rí kékeré. Ì bá kàn bẹ̀bẹ̀ ni, kó ní àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ó ti gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ọmọ ilé kan náà ni wọ́n, ọ̀gá. Òórùn wọn kò yàtọ̀.”

“Òórùn? Kí lẹ wá ń fi ojú yín ṣe?”

Martha, tó gbé iṣu wá fún ọkọ rẹ̀, dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Bámgbóṣé mí kanlẹ̀.

“Ojú ọ̀hún kò ríran mọ́, ọ̀gá. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ.”

Thomas wo ìgò tó kún pẹpẹ. “Ta ló wá kó gbogbo ìwọ̀nyí?”

“Èmi ni. Ẹ da ti ọwọ́ yín sínú abọ́, kí ẹ fi àlejò kan sí i. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ilé, wọ́n á bá a jà.”

Thomas fi àdí pa ẹnu abọ́ tánganran kan yí ká kí wọ́n má baà gun òkè, ó sì da èèrà náà sí i. Olórí kékeré gun ẹ̀yìn olórí ńlá, ó ń rìn kiri níbẹ̀ bí ẹní wà nílé bàbá rẹ̀. Thomas mú olórí kékeré mìíràn láti inú ìgò igi tó jìnnà, èyí tí ojú kò lè mọ̀ yàtọ̀ sí tìṣáájú. Kò tíì balẹ̀ tán tí wọ́n fi wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Olórí ńlá ló kọ́kọ́ dé ibi ìjà.

“Òun ló ń fọ́ èso líle fún wọn,” ni Bámgbóṣé wí. “Ìyá kan ló bí gbogbo wọn.”

Thomas jókòó. Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó mú ìgò Ọlọ́runlékè, ó fi awò wò ó pẹ́.

“Mo lé ọkùnrin yẹn lọ lásán,” ló wí. Ojú tì í, kò sì fi pamọ́.

Bámgbóṣé kò lè mú un mọ́ra mọ́. “Èmi wá ńkọ́, ọ̀gá?”

“Ẹ̀yin? Lọ́la ni mo máa lọ bẹ Ọlọ́runlékè. Tó bá gbà, òun á máa wò, ẹ̀yin á máa gbóòórùn. Mi ò ní kọ orúkọ èèrà sára ìgò kankan títí ẹ ó fi ní kí n kọ ọ́.”

Bámgbóṣé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, kò sì wá ibi tó máa sá sí. Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀nà kún fún àwọn tó ń ti oko bọ̀. Ó na ọwọ́ sí Martha níwájú gbogbo wọn.

“Ìyá Délé, mú mi dání. Mi ò rí ọ̀nà.”