Ìyá Onígò Kò Túúbá

Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí Ìyá Onígò ti ń nulẹ̀, tó sì ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ní yàrá ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ìgò omi gbígbóná ló fún un lórúkọ. Bí a bá fẹ́ fi lúùpù tí kì í jẹ́ kí oyún dúró sínú ilé ọmọ obìnrin, yóò fi tówẹ̀lì wé ìgò náà, yóò gbé e lé ìsàlẹ̀ ikùn ẹni náà, yóò dì í lọ́wọ́ mú, yóò sì máa bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀ títí ara á fi dẹ̀ ẹ́. Ta ló kọ́ ọ? Ìrora tirẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ń fi tirẹ̀ sí i láyé ọjọ́un, ṣe ni wọ́n ní kó panu mọ́. Ohun tó bá sì ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Dókítà tuntun dé, ó ní ìfàkókòṣòfò ni. "Ìrora ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹni tó bá tún gbé ìgò wọlé, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn." Inú bí mi, àmọ́ ojo ni mí.

Lọ́sẹ̀ kejì, aránṣọ kan wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sá lórí bẹ́ẹ̀dì wa nítorí ìrora, bẹ́ẹ̀ ìbímọ tó ṣe kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Oyún mìíràn lè pa á. Bí dókítà ṣe mú irin báyìí, aránṣọ dìde jókòó. Kí n tó sọ pé kí lèyí, Ìyá Onígò ti wọlé, ìgò lábẹ́ apá.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé?" dókítà bi í.

"Èmi ni," aránṣọ dáhùn. Irọ́ ni, kò pè é. "Àbí ara ta lẹ fẹ́ fi nǹkan sí?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìyá Onígò ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, mí síta díẹ̀díẹ̀. Báwo lo ṣe ń rán kọ́là ọrùn ẹ̀wù tí kì í wọ́?"

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó dùn ún o, ó fún ọwọ́ màmá pọ̀, àmọ́ kò sá. Orí kọ́là ló ṣì wà tí dókítà fi ní ó ti parí.

"Ẹ dúró ná," aránṣọ ní, "mi ò tíì yí kọ́là náà síta!"

Ní ọjọ́ kejì, dókítà kọ̀wé sí Ìyá Onígò pé kó ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n lé e. Kò mọ̀wé kọ, ó ní kí n bá òun dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú mi." Ó ní kí n fagi lé e.

"Ta ni mo ṣẹ̀? Kọ ọ́ báyìí: Mo gbé ìgò wọlé. Obìnrin náà ò sá. Màá tún gbé e wọlé lọ́la."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ àtàǹpàkò sí i. Mo wo ìwé náà títí, mo sì buwọ́ lù ú lábẹ́ tirẹ̀.