Adìyẹ Tó Kọ́kọ́ Rìn

Má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ síwá sẹ́yìn. Orí mi ò dúró mọ́. Oṣù tó ṣẹlẹ̀ gan-an, mi ò rántí. Ohun tí mo bá sọ ni kí o kọ.

Ìyá àgbà rẹ wà nínú mọ́tò tó ń bọ̀ láti Ibafo, ni tírélà bá gbá wọn látẹ̀yìn. Èèyàn méjì kú. Òun, ẹsẹ̀ òsì ló dá, nísàlẹ̀ orúnkún. Lọ́sípítù ní Mowe, dókítà gbé fọ́tò egungun náà sójú iná, ó ní, "Bàbá, ó dá sọ́nà méjì. Opuréṣọ̀n ni. Irin la máa fi sí i."

Ìyá àgbà rẹ ní òun gbà. Èmi ni mo ní rárá, ká lọ gbọ́ ẹnu ẹlòmíì. Fi ìyẹn síbẹ̀.

Ọkùnrin kan ń to eegun n'Ifo. Ó wo fọ́tò náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé kápẹ́ńtà lẹ gbé ìyàwó yín lọ bá ni?" Gbogbo àwọn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí n ra adìyẹ wá. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ òsì adìyẹ náà lójú wa, ó tò ó, ó to ti ìyá àgbà rẹ náà, ó wá fi ọparun pẹlẹbẹ àti aṣọ di méjèèjì le dan-in. Ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn, wọ́n á tú ti èèyàn.

Ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà rẹ ní, "Baálé mi, mi ò mọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi lára mọ́."

Mo ní, "Adìyẹ ò tíì dìde. Ṣe sùúrù."

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ó ní kí n gbé òun padà sí Mowe. Mo ní adìyẹ ti ń tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní pẹ́ mọ́.

"Ṣé adìyẹ lẹ fẹ́ níyàwó ni?"

Mo lọ da àgbàdo fún adìyẹ náà.

Adìyẹ náà rìn lóòótọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá tú ti ìyá àgbà rẹ. Ó dúdú bí èédú dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ẹ tètè máa gbé e lọ sọ́sípítù."

Dókítà àkọ́kọ́ yẹn náà la padà bá. Kò pariwo mọ́ mi. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, ìyá àgbà rẹ ò mira. Ó ní, "Bàbá, egungun tó dá kọ́ ló bà á jẹ́. Dídì tí wọ́n dì í le jù yẹn ni." Wọ́n gbé ìwé wá, mo tẹ̀ka sí i. Wọ́n gé e lókè orúnkún.

Mo sọ fún bàbá rẹ pé mọ́tò ló ba ẹsẹ̀ náà jẹ́. Ohun tí gbogbo yín mọ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà rẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́, kò já mi nírọ́. Láti ìgbà yẹn, mi ò tíì bẹ̀ ẹ́. Ẹnu mi ò gbé e.

Ìyá àgbà rẹ wà ní pálọ̀ báyìí. Ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Ka ohun tí o kọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Kà á sókè.