Fàráńdà Tí Nọ́ọ̀sì Ṣe De Ọkọ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni dókítà sọ, méjèèjì sì fẹ́ máa bára wọn jà: bàbá gbọ́dọ̀ máa gba afẹ́fẹ́ dáadáa, ẹ̀fọn kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ọ̀tá Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́fà rèé tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ìyàwó aláìsàn kì í fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìpayà. Ó pe káfíńtà, ìyẹn fi nẹ́ẹ̀tì bo fàráńdà iwájú ilé láti òkè délẹ̀, ó sì ṣe ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì sí i. Ó wá ku kí fàráńdà náà dùn ún wò.

Ó sì gbọ́dọ̀ dùn ún wò, torí ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ṣì ń hó létí ìyá. Aránbàtà ni ọkùnrin náà, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. “Ọsibítù ti sú mi dé ọrùn,” ó ní. “Bí mo bá délé tí ọkàn mi ò balẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mò ń lọ. Má dá mi dúró.” Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni ilé àbúrò yìí, ẹ̀dọ̀fóró bàbá kò sì lè gba ìrìn wákàtí méjì. Bàbá náà mọ̀, ṣùgbọ́n agídí ni oògùn kan ṣoṣo tí kì í gbàgbé láti lò.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá ní kí wọ́n tó dá bàbá sílẹ̀ ní ọsibítù. Ó fọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kun ògiri ní funfun, ó rán kọ́tìnì funfun kọ́ yí nẹ́ẹ̀tì ká. Bàtà funfun ìgbà iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wọ̀ kiri, àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún ti là, ó ń lu ilẹ̀ pà, pà. Ọjọ́ tí bàbá fẹ́ rán an gan-an ni wọ́n gbé bàbá lọ sí ọsibítù, ìyá ò sì jẹ́ gbé bàtà náà fún aránbàtà mìíràn. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì tóóró sí igun kan, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó fà á le débi pé eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú. Ó gbé tábìlì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé jọ́ọ̀gì omi lé e, àti agogo tí bàbá yóò máa lù bó bá fẹ́ nǹkan. Gbogbo pàǹtí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àpótí ìjókòó bàbá tí awọ rẹ̀ ti ya, àpótí irinṣẹ́, gọ́ọ̀mù tó ń rùn, ó kó wọn sẹ́yìn ilé.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin tó ti ń dá gbé, wá wò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di imú.

“Mọ́mì, kí lẹ fi fọ ibí?”

“Oògùn apakòkòrò.”

“Àwọn kòkòrò náà á ti gbé òkú ara wọn sá lọ. Ó dáa o, àmọ́...”

“Àmọ́ kí ni? Sọ ọ́ jáde, o ò fi ẹnu gbé ẹyin.”

“Ó kàn mọ́ jù ni, mà.”

“Nǹkan kì í mọ́ jù fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Lọ gbé ìrọ̀rí wá.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a sùn, ó bá a jí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí bàbá ń bọ̀ wálé, ìyá kúnlẹ̀: “Olúwa, mi ò béèrè ohun ńlá. Kó ṣáà jókòó. Kó jókòó, kó má dìde lọ.” Kó tó ṣe àmín ló rí i pé kọ́tìnì kan wọ́. Ó dìde, ó nà án, ó padà wá kúnlẹ̀ ṣe àmín.

Ọ̀sán ni takisí gbé bàbá dé. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń mí gúlegúle. Ó wo bẹ́ẹ̀dì. Ó wo kọ́tìnì. Ó wo agogo. Ìyá ń wo ojú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń wo èsì ìdánwò.

“Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo ni dókítà ibí yìí ń yípo wo aláìsàn?”

“Dókítà kẹ̀?”

“Wọ́ọ̀dù ni mo rí yìí. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì ló kù.”

Àbíkẹ́yìn fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń jò láàárín ìka rẹ̀. Ìyá yíjú ká, ó rí i pé òótọ́ ni. Ọdún márùndínlógójì tó fi ṣiṣẹ́ ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ débi pé wọ́ọ̀dù nìkan ni ọwọ́ náà mọ̀ ọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Bàbá ti kẹ̀yìn sí fàráńdà. “Awakọ̀! Má tíì lọ o!”

Ìyá yí padà. Pà, pà, pà, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, òun tí orúnkún ń dùn. Ó gbé àpótí ìjókòó dé teruku-teruku, ó gbé e síwájú nẹ́ẹ̀tì, ó fa kọ́tìnì ibẹ̀ wálẹ̀ kí ojú lè tó òpópónà. Ó padà lọ gbé àpótí irinṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà ọ̀tún, ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

Bàbá yí i wò. “Ta ló ba bàtà jẹ́ báyìí?”

“Èmi ni. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ni ò sí nílé.”

Bàbá wo bàtà, ó wo mọ́tò. Ó rọra jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀. “Ìkà ni ọ́ sí bàtà. Bá mi mú abẹ́rẹ́. Kí o sì gbé agogo yẹn kúrò, ta ni mo fẹ́ máa lù ú pè nínú ilé ara mi?”

Àbíkẹ́yìn lọ sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ.

Ìyá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì funfun, ẹsẹ̀ kan láìní bàtà. Bàbá gún abẹ́rẹ́, ó sinmi, ó wúkọ́, ó tún gún un. Ìyá yọjú wo aago ọwọ́ rẹ̀.

“Má kà mí,” bàbá wí láìgbójú sókè.

“Mi ò ka èémí yín.”

“Mélòó ni?”

“Ogún ní ìṣẹ́jú kan.”

“Kò burú,” ó ní, ó fa okùn.