Egungun Búrẹ́dì Àlàmú

Láti ọjọ́ tí Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ti dé ilé iṣẹ́ búrẹ́dì Àlàmú ní Agége, kò fọwọ́ po ìyẹ̀fun rí, kò sì wọ yàrá ààrò àfi ìgbà tí òjò bá pa á. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣọ́ búrẹ́dì títí yóò fi bà jẹ́. Bí búrẹ́dì bá ṣì dáa, kò kàn án. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu, tí irun funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń pè ní èébu bá hù sí i lára, ìgbà náà ni òun yóò tó gbéra, tí yóò wọ aṣọ funfun rẹ̀, tí yóò sì lọ jókòó sídìí awò tó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ọkọ ìyàwó.

Ọmọ Onígbòǹgbò ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò rí ní yunifásítì, ó sì gba èsì tí kò dáa tó èyí tí èèyàn ń fi yangàn, tí kò sì burú tó èyí tí èèyàn ń fi tọrọ àánú. Ó kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní A-B-D fúngbà díẹ̀, títí Alhaji Àlàmú fi gbà á síbi tí wọ́n ti ń kó búrẹ́dì sínú náílọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ló wà, tó ń di náílọ́ọ̀nù lẹ́nu láti òwúrọ̀ títí ọwọ́ fi ń ta á, nígbà tí Alhaji ti Tọ́kì dé pẹ̀lú awò kan nínú páálí, irú awò tó ń sọ ohun bíńtín di ńlá. Alhaji béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí nawọ́. Àwọn yòókù ń di búrẹ́dì wọn lọ.

Kì í ṣe pé Alhaji mọ ohun tó fẹ́ fi awò náà wò. Ó rí i ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan lọ́hùn-ún ni, tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ó sì rò ó pé ohun tó bá yẹ Tọ́kì, ó yẹ Agége.

Ó pẹ́ tí iṣẹ́ ọ̀hún kò ju kí Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí yọjú sínú awò, kó sọ pé ó ti bu tàbí pé kò tíì bu, ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ní imú lè sọ. Àfi ìgbà tó rí sọ́fítíwíà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń yẹ egungun àwòrán wò. Bí wọ́n bá fún sọ́fítíwíà náà ní àwòrán èébu tí wọ́n yà láti inú awò, yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Yóò wá máa họ okùn èébu kọ̀ọ̀kan lápá ọ̀tún, yóò họ ọ́ lápá òsì, títí kò fi ní ku nǹkan kan ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí egungun ẹja. Egungun yìí ló máa kà: ẹ̀ka mélòó ló yọ, oríta mélòó ni wọ́n ti pàdé, ṣóńṣó mélòó ló dá dúró láìríbi lọ. Èébu tí ara rẹ̀ le a máa lẹ́ka yọyọ. Èyí tí oògùn ti bà lójú jẹ́ kì í lè lẹ́ka.

Ọkùnrin ará Íńdíà kan ló kọ́ ọ nínú fídíò, Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí sì gba ọkùnrin náà gbọ́ ju wòlíì ìjọ wọn lọ. Ó fi láptọ́ọ̀pù tó rà ní Computer Village ṣe é, èyí tó máa ń gbóná débi pé páànù búrẹ́dì méjì ló fi ń tì í nídìí kí atẹ́gùn lè ráyè gba abẹ́ rẹ̀. Láìpẹ́, ìfẹ́ egungun wọ̀ ọ́ lórí. Ó ya àwòrán ògiri tó sán nílé ìyá rẹ̀, ó ka oríta rẹ̀. Ó gbé máàpù Agége sí i, sọ́fítíwíà náà sì ṣe làálàá títí, ó ní oríta pọ̀ níbẹ̀, ohun tí onímárùwá èyíkéyìí ì bá sọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Sàídátù, akọ̀wé Alhaji, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì lọ, sọ ọ́ ní Dókítà. Bó bá ń kọjá níwájú yàrá rẹ̀ láàárọ̀, á yọrí wọlé.

“Dókítà, àwọn aláìsàn yín ńkọ́? Ṣé wọ́n jí dáadáa?”

“Méjì ti kú,” Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí á dáhùn láìgbójú sókè.

“Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Búrẹ́dì dáadáa ni wọ́n.”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ kó tó di pé Alhaji da oògùn tuntun kan pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀, tó ní búrẹ́dì òun kò ní tètè bu mọ́. Súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kan ní Ìkẹjà gbọ́ sí i. Búrẹ́dì Ọlọ́runníyì ni wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn á rán obìnrin kan tó ń bá wọn ra ọjà wá, Ìyáàfin Tèmilọlá, kó wá fojú rí ẹ̀rí pé ti Àlàmú pẹ́ lórí pẹpẹ ju ti Ọlọ́runníyì lọ. Alhaji pe Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí, ó sì là á yé e. Bí àwòrán rẹ̀ bá tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn, òun á fi í ṣe Ọ̀gá Àgbà Ìwádìí, á ní yàrá tirẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun á ta awò náà, kí oníkálukú padà sídìí náílọ́ọ̀nù rẹ̀.

Èèyàn tó gbọ́n ì bá pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí lọ sọ fún wòlíì, wòlíì sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ìjọ pé Ọlọ́run ti gbé arákùnrin wa ga. Àwọn ìyá ìjọ dì mọ́ ọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan náà kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ́jú búrẹ́dì méjèèjì síbì kan náà, ó ń mú nínú wọn lójoojúmọ́, ó ń tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó ń ya àwòrán. Nígbà tó yẹ egungun wọn wò, òótọ́ ni Alhaji sọ. Èébu ara búrẹ́dì Ọlọ́runníyì ti di igbó. Ti Àlàmú ṣì rí bí irùngbọ̀n ọmọdékùnrin.

Ṣùgbọ́n Alhaji ní òfin kan. Kò sí àwòrán tó gbọ́dọ̀ dé iwájú àlejò láìní orúkọ ÀLÀMÚ lára. Alábúrẹ́dì kan ti jí àwòrán búrẹ́dì rẹ̀ lórí fóònù rí, tó ń fi polówó tirẹ̀, látìgbà náà ni Sàídátù sì ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ náà gàdàgbà, funfun báláú, sísàlẹ̀ àwòrán gbogbo: àwòrán búrẹ́dì, àwòrán ọkọ̀ akóbúrẹ́dì, títí dórí àwòrán fídáù ìyá Alhaji. Ó tẹ̀ ẹ́ sára àwòrán èébu pẹ̀lú. Ti Ọlọ́runníyì nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Ta ni yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ sára búrẹ́dì ẹlòmíràn tó ti bu?

Ó ku ọ̀la kí àlejò dé ni Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí kó àwọn àwòrán tí Sàídátù ti fi òǹtẹ̀ lù wọlé, ó ní kí sọ́fítíwíà tún wọn kà. Òógùn bò ó. Búrẹ́dì Àlàmú ló ń bu jù. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde pàápàá, tí èébu kankan kò tíì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́ka, ó sì ní oríta. Ó ṣí àwòrán egungun ọ̀hún láti wo ohun tó dé. Ohun tó rí nísàlẹ̀ ni ÀLÀMÚ, tí wọ́n ti họ gbogbo ẹran ara rẹ̀ dànù, tó ku egungun rangandan, àmì orí rẹ̀ kò yingin.

Ó sáré lọ bá Alhaji.

“Alhaji, ẹ má bínú sà. Orúkọ yín ni kọ̀ǹpútà ń kà mọ́ èébu.”

Alhaji wò ó. “Orúkọ tí bàbá mi sọ mí?”

“Kì í ṣe orúkọ yín gan-an, sà. Lẹ́tà rẹ̀ ni. Ohunkóhun tó bá ti funfun, tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, èébu ni lójú rẹ̀.”

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lo àwọn àwòrán tí kò lórúkọ. Ó ní wọ́n wà lọ́wọ́ òun, òun ti yẹ̀ wọ́n wò, búrẹ́dì Alhaji ló sì dáa jù lóòótọ́. Alhaji gbọ́ apá tó wù ú níbẹ̀. Ó ní àwòrán tí kò lórúkọ dà bí ọmọ tí kò ní bàbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e ló ni ín. Ó ronú díẹ̀, ó ń fi ìka lu tábìlì.

“Ti Ọlọ́runníyì ńkọ́? Kí ló wà lára tiwọn?”

“Kò sí nǹkan kan, sà.”

“Ẹ ò rí nǹkan? Ìrẹ́jẹ nìyẹn. Ẹ fi orúkọ wọn sí tiwọn náà. Gbogbo ẹ̀ o, bó ṣe wà lára náílọ́ọ̀nù wọn.”

Ohun tó wà lára náílọ́ọ̀nù wọn ni: ỌLỌ́RUNNÍYÌ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ, BÚRẸ́DÌ ALÁDÙN TÓ Ń ṢARA LÓORE. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ti wo gbólóhùn náà láti orí dé ìdí, ó ti rí iye oríta tó wà nínú rẹ̀, kó tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Sàídátù ló tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó yíjú sí i.

“Bọ̀dá Fẹ̀yìtì, ṣé kí n fi àdírẹ́sì wọn kún un, kí àìsàn náà lè pa wọ́n pátápátá?”

Ó ní rárá o, ìyẹn ti pọ̀ jù. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ní kó fi nọ́ńbà fóònù nìkan sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyáàfin Tèmilọlá dé. Obìnrin kúkúrú ni, tó wọ awò ojú, tí kò jẹ búrẹ́dì tí wọ́n gbé fún un, tí kò mu mínírà tí wọ́n ṣí fún un. Alhaji wọ agbádá. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ṣàlàyé títí, ó fi iye ẹ̀ka hàn án, ó fi iye oríta hàn án: ti Àlàmú kéré, ti Ọlọ́runníyì pọ̀ bí ẹsẹ̀ eèrà. Alhaji ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Obìnrin náà ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun fẹ́ fojú rí ohun tí wọ́n kà gan-an.

Kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ̀ fún un. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ṣí àwòrán egungun ti Ọlọ́runníyì, ó ń gbàdúrà pé kí iná lọ. Lọ́jọ́ náà, àwọn oníná tó ń mú un lọ lójoojúmọ́ kò mú un lọ. Obìnrin náà fẹ̀yìn tì, ó tún sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé.

“Tó… ń… ṣara… lóore.” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé èébu yìí ti lọ sílé ìwé ni?”

Sàídátù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́, ó wúkọ́, ó sá jáde.

“Ó tún ní fóònù,” ni obìnrin náà wí. “Ṣé kí n pè é, kí n béèrè bára rẹ̀ ṣe wà?”

Ó wá béèrè ẹni tó ní kí wọ́n kọ orúkọ sára àwòrán. Ó béèrè rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ojú Alhaji ló sì ń wò. Alhaji kọjú sí Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí. Láti ọdún tó ti ń bá a ṣiṣẹ́, kò fi irú ojú tútù bẹ́ẹ̀ wò ó rí. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí rí yàrá náílọ́ọ̀nù lọ́kàn, ó rí ìka ara rẹ̀ tó ń ta á.

“Èmi ni, mà,” ló sọ. “Àṣìṣe tèmi ni.”

Obìnrin náà mi orí. Ó béèrè bóyá wọ́n ní àwòrán tí wọn kò kọ nǹkan sí. Wọ́n ní in. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí gbé e jáde, ó ní kí sọ́fítíwíà kà á níṣojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì rí bó ṣe rí gan-an: igbó lápá kan, irùngbọ̀n ọmọdékùnrin lápá kejì. Obìnrin náà fara balẹ̀ wò ó. Ó kó báàgì rẹ̀.

“Alhaji, búrẹ́dì yín dáa,” ló wí. “Ẹ̀yin ni mi ò lè bá ṣòwò.”

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ ti lọ, Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ṣì dúró síbi tó wà, ó ń dúró de ìdájọ́. Alhaji kò pariwo. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó, ó ní òun ti gba àwọn ọ̀mọ̀wé síṣẹ́ rí, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wàhálà bá dé ni wọ́n á máa nàka sí ọ̀gá wọn. Ó ní ọmọ tó bá lè fi orí ara rẹ̀ gba òkúta tí wọ́n jù sí ọ̀gá rẹ̀, irú rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń fi sídìí náílọ́ọ̀nù. Láti òní lọ, Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ni Ọ̀gá Àgbà Ìwádìí.

Bó ṣe dé ipò tó ti ń fi yangàn nìyẹn. Inú yàrá tí wọ́n ń kó ìwúkàrà sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi í sí, gbogbo aṣọ rẹ̀ sì ń rùn bí ọtí kíkan. Sàídátù wá kí i.

“Ẹ kú oríire o, Ọ̀gá Àgbà. Ẹ̀rí ọkàn yín ńkọ́? Ṣé wọ́n fún òun náà ní yàrá tirẹ̀?”

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Alhaji wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Súpámákẹ́ẹ̀tì mìíràn ti pè, láti ọ̀nà Ọ̀gbà, wọ́n fẹ́ wá wo ẹ̀rí. Alhaji ní kí wọ́n ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀, kí orúkọ oníkálukú wà lára tirẹ̀, àmọ́ kí wọ́n kọ ti Ọlọ́runníyì kéré lọ́tẹ̀ yìí, kí ojú má baà lè kà á.

Ọ̀gá Àgbà Ìwádìí fa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ra.

“Kó kéré tó báwo, sà?”